Alfred Binet, Ẹni Tí Ìdánwò IQ Ti Ọwọ́ Rẹ̀ Bẹ̀rẹ̀



Àwọn tó wà ní kíláàsì wa lóṣù tó kọjá á rántí ọjọ́ tí ẹnì kan gbé fóònù wá (mi ò ní dárúkọ o, ẹ̀yin náà mọ òfin ilé ìwé), tí gbogbo wa pagbo yí i ká ní àkókò ìsinmi, tí a ń ṣe ìdánwò IQ kan tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan gba 128, ó sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba. Ọmọbìnrin kan gba 81. Kí agogo tó dún, àwọn kan ti sọ ọ́ ní Eighty-One. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà kò nawọ́ sókè mọ́ ní kíláàsì ìṣirò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló kọ́ mi ní quadratic equation ní SS1 tó fi yé mi.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ mọ ẹni tó gbé ìdánwò yìí kalẹ̀ àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Alfred Binet ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kú láti ọdún 1911. Nígbà tí mo ka ìtàn rẹ̀ tán, ojú tì mí díẹ̀.

Ìlú Nice, ní etí òkun, ni wọ́n bí Binet sí, ní oṣù keje ọdún 1857. Lónìí, ilẹ̀ Faransé ni Nice wà, ṣùgbọ́n nígbà yẹn abẹ́ ọba Sardinia ló wà, ọdún 1860 ló tó bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń ya àwòrán. Bàbá àti ìyá kò gbé pọ̀ títí, ọ̀dọ̀ ìyá ló dàgbà sí. Ìyá yìí ló mú un lọ sí Paris, ó sì wọ ilé ìwé girama kan tó lókìkí gan-an níbẹ̀, Louis-le-Grand.

Nígbà tó jáde, ó kọ́ òfin, ó sì gboyè ní 1878. Kò ṣiṣẹ́ lọ́yà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dókítà bíi ti bàbá rẹ̀, ó fi ìyẹn náà sílẹ̀ láìparí. Ohun tó wá ń ṣe ni pé ó ń lọ jókòó sí láíbìrì ńlá tó wà ní Paris, ó ń ka ìwé nípa bí èèyàn ṣe ń ronú. Ẹ fojú inú wò ó ná. Ká ní ọmọ ilé wa ni, tó fi lọ́yà sílẹ̀, tó fi dókítà sílẹ̀, tó ní láíbìrì lòun ń lọ láràárọ̀. Ìpàdé ẹbí ni wọn ì bá pè! Ìmọ̀ tí a ń pè ní saikọ́lọ́jì ló ń kà yẹn, kò sì sí olùkọ́ kankan tó ń kọ́ ọ. Òun ló kọ́ ara rẹ̀.

Ibi tó ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ gidi ni ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, lọ́dọ̀ Jean-Martin Charcot, dókítà tí gbogbo Yúróòpù ń wárí fún nígbà náà. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ mú àwọn aláìsàn wọ inú oorun kan tí kì í ṣe oorun gidi. Binet àti ẹnì kejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Charles Féré wá sọ pé tí àwọn bá gbé irin òòfà sún mọ́ aláìsàn tó wà nínú oorun yìí, ohun tó ń ṣe apá ọ̀tún rẹ̀ á ṣí lọ sí apá òsì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, inú wọn dùn. Ni ọ̀mọ̀wé kan láti ilẹ̀ Belgium, Joseph Delboeuf, bá wá wò ó fúnra rẹ̀. Kí ló rí? Àwọn dókítà ń sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń retí lójú aláìsàn, irin òòfà náà wà ní gbangba, aláìsàn sì ń ṣe ohun tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ rí. Binet kọ́kọ́ jà, ó ṣàríyànjiyàn. Nígbà tó yá, ó gbà ní gbangba pé òun ṣìnà.

Ibí yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkùnrin náà. Èèyàn mélòó ló máa kọ̀wé, tí gbogbo ayé máa kà á, tó tún máa jáde wá sọ pé irọ́ ni nǹkan tóun kọ? Ẹ̀kọ́ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Títí tó fi kú ló ń bẹ̀rù kí ẹni tó ń ṣe ìdánwò fún ọmọ máa fi ojú tàbí ohùn sọ ìdáhùn fún un.

Ní 1884 ó gbé ìyàwó, Laure Balbiani. Wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, Madeleine ní 1885 àti Alice ní 1887. Binet sọ ilé rẹ̀ di yàrá ìwádìí. Ó ń wo bí àwọn ọmọ náà ṣe ń kọ́ ìrìn. Madeleine kì í fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ àyàfi tó bá rí àga tàbí tábìlì tó lè dì mú níwájú. Alice ní tiẹ̀, àárín yàrá tí kò sí nǹkan kan ló máa ń gbà, tó bá ṣubú, ó ṣubú. Ilé kan náà, ìyá kan náà, bàbá kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe nǹkan kò jọra. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ó ń fún wọn ní eré ṣe, ó ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ó rí i pé ọgbọ́n kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo tí a lè fi sórí ìwọ̀n bí ẹni ń wọn iyọ̀.

Ní 1891, ó pàdé Henri Beaunis ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà ní Rouen. Beaunis ni ọ̀gá yàrá ìwádìí saikọ́lọ́jì ní Sorbonne, yunifásítì Paris. Binet ní kó jẹ́ kí òun wá bá a ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ó gbà fún un. Láàárín ọdún díẹ̀, Binet ló di ọ̀gá ibẹ̀, ipò yẹn ló sì wà títí tó fi kú. Ó tún dá ìwé ìwádìí kan sílẹ̀ tó ń jáde lọ́dọọdún nígbà náà, L'Année psychologique, tó ṣì wà títí dòní. Ó ṣèwádìí lórí kòkòrò, lórí àwọn tó ń ta chess láìwo pátákó, lórí àwọn tó ń ṣe ìṣirò ńlá nínú orí. Ó tilẹ̀ bá wọn kọ eré orí ìtàgé tó ń dẹ́rù bani, òun àti André de Lorde. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn olùkọ́ wa máa gbà kí press club ṣe ọ̀kan nínú wọn!

Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ yìí, wọn kò fún un ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní Paris. Ó wá ọ̀kan ní Collège de France, Pierre Janet ni wọ́n gbé e fún. Ẹni tó kọ́ ara rẹ̀ níwèé ni, kò ní ọ̀gá ńlá tó máa gbà á mọ́ra. Nítorí náà, tó bá kan pé kí wọ́n fi ojú tín-ínrín wo èèyàn, Binet mọ bó ṣe ń rí.

Kí ó tó dé orí ìdánwò, ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ẹni tí orí rẹ̀ tóbi ló gbọ́n. Binet náà gbà á. Ó mú nǹkan ìwọ̀n, ó lọ sí ilé ìwé, ó wọn orí àwọn ọmọ tí olùkọ́ ní wọ́n mọ̀wé jù àti tàwọn tí olùkọ́ ní wọn kò mọ̀wé. Ìyàtọ̀ tó rí kò ju nǹkan bíi mìlímítà lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì sí ìyàtọ̀ kankan. Ó tún fura sí ara rẹ̀, pé bí òun bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ yìí ni wọ́n ní kò mọ̀wé, ọwọ́ òun lè ti sún nǹkan ìwọ̀n náà díẹ̀ láìmọ̀. Ó jù ú sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe àwa kan ní olórí ńlá, ẹ ti gbọ́.

Ó dáa. Báwo ni ìdánwò ṣe dé? Láti 1882 ni ìjọba Faransé ti sọ ọ́ dòfin pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwé. Ọmọ olówó, ọmọ tálákà, ọmọ abúlé, gbogbo wọn dé. Àwọn kan kò lè bá àwọn yòókù rìn. Kí ni kí wọ́n ṣe fún wọn? Ní àkókò yẹn, dókítà kan lè wo ọmọ kan lónìí kó ní orí rẹ̀ kò pé rárá, kí dókítà mìíràn wò ó lọ́la kó ní kò burú tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ náà lè fẹ́ lé ọmọ kúrò nítorí pé ó ń ṣe ìjàngbọ̀n. Ní 1904, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan, Binet wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí wọ́n fi lè mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì, kí wọ́n lè gbé e lọ sí kíláàsì tí wọ́n á ti rọra kọ́ ọ. Kì í ṣe láti tò wá láti orí ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn.

Binet àti dókítà ọ̀dọ́ kan, Théodore Simon, ló jókòó ti iṣẹ́ yìí. Ní 1905 wọ́n gbé ìdánwò 30 jáde, láti èyí tó rọrùn jù dé èyí tó le. Àkọ́kọ́ ni kí ọmọ fi ojú tẹ̀lé iná ìṣáná bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Òmíràn ni kí ó mọ ṣokoléètì yàtọ̀ sí pákó. Ó wá ń le sí i: kí ó tún nọ́ńbà mẹ́ta sọ bí ó ṣe gbọ́ wọn, kí ó to nǹkan márùn-ún tí wọn kò wúwo bákan náà ní ẹsẹẹsẹ, títí dé orí kí ó sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì tí a kò lè fi ojú rí ohun tí wọ́n dúró fún. Ẹ kíyè sí i pé púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé kíkà nínú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ọmọ tí kò rí ilé ìwé lọ dáadáa má bàa dà bí ẹni tí kò gbọ́n.

Ní 1908 wọ́n tún un ṣe, wọ́n wá pín in sí ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 3 gbọ́dọ̀ lè fi imú, ojú àti ẹnu rẹ̀ hàn, kó sì mọ orúkọ ìdílé rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 gbọ́dọ̀ lè fún èèyàn ní ṣéńjì. (Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ jókòó sídìí igbá lọ́jà á ti yege èyí kí wọ́n tó bi í tán.) Tí ọmọ ọdún 9 bá ṣe ohun tí àwọn ọmọ ọdún 7 sábà máa ń ṣe, wọ́n á ní ọgbọ́n rẹ̀ wà ní ipele ọdún 7, wọ́n á sì mọ̀ pé ó nílò ìrànlọ́wọ́. Ó tán. Binet kò ṣírò IQ kankan ní gbogbo ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan kúrò nínú ìtàn, nítorí ibí ni ìbéèrè pọ̀ sí nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún àwọn ará kíláàsì. Ta ló wá mú IQ wá? William Stern, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ló sọ ní 1912 pé kí wọ́n fi ọjọ́ orí ọmọ pín ọjọ́ orí ọgbọ́n rẹ̀. Lewis Terman ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ló wá ń fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ní 1916. Ọmọ ọdún 10 tó ṣe ti ọmọ ọdún 12 á ní 120. Àmọ́ ìṣirò yìí kò bá àgbàlagbà mu, ẹni ọdún 60 kò ní ọgbọ́n ìlọ́po méjì ẹni ọdún 30. Ní 1939, David Wechsler mú ìlànà mìíràn wá, òun ni wọ́n ń lò títí dòní: wọ́n á fi ọ́ wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ, wọ́n á sì ṣètò rẹ̀ kí agbedeméjì jẹ́ 100. Nǹkan bí èèyàn méjì nínú mẹ́ta ló máa bọ́ sí àárín 85 àti 115.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé 100 yẹn ni gbogbo máàkì, bí ẹni pé ẹni tó gba 81 pàdánù 19. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí o dúró sí láàárín àwọn tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ni nọ́ńbà náà ń sọ. Tí a kò bá wá mọ àwọn tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ńkọ́, bíi ti ìdánwò orí fóònù wa? Nígbà náà nọ́ńbà náà kò sọ nǹkan kan. Ìdánwò gidi, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣe é, á jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo, ó sì lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ìyẹn náà, tí o bá tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, nọ́ńbà lè gòkè tàbí kó wálẹ̀ díẹ̀. Tiwa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, mẹ́tàdínlógún lára wa ló ń pariwo ìdáhùn, bátìrì sì ń kú lọ.

Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu: James Flynn ṣàkíyèsí pé ní ọ̀rúndún tó kọjá, máàkì àwọn èèyàn ń gòkè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nǹkan bíi máàkì mẹ́ta ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọpọlọ kò lè yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé, oúnjẹ, ìlera àti irú ìgbé ayé tí à ń gbé wà lára ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Àti Verbal àti Quantitative Reasoning tí a fi orí ṣe ní praimárì ká tó wọlé síbí, ẹbí ìdánwò Binet ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n ti fún ní ìwé rẹ̀ láti Praimárì Mẹ́ta àti ẹni tó kọ́kọ́ rí i ní ọjọ́ ìdánwò, ṣé ọgbọ́n wọn ni wọ́n wọ̀n?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Binet. Ní 1909 ó kọ ìwé kan nípa àwọn ọmọdé. Ó bínú nínú rẹ̀ sí àwọn tó ń sọ pé bí ọgbọ́n ọmọ ṣe rí náà ló máa wà, pé kò lè pọ̀ sí i. Ó ní a gbọ́dọ̀ ta ko irú èrò bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹnu lásán. Ó ṣètò eré ìdárayá ọpọlọ fún àwọn kíláàsì tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tó rẹ̀yìn: kí gbogbo wọn dúró gbagidi bí ère láìmira, kí wọ́n gbé ife omi tó kún láti ibì kan dé ibòmíràn láìjẹ́ kó dànù, kí wọ́n wo pátákó tí nǹkan wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ó ní kí ọmọ tó lè kẹ́kọ̀ọ́, kí a kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fọkàn sí nǹkan.

Ní 1911 ó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó kú ní Paris, ẹni ọdún 54.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló burú. Henry Goddard ti túmọ̀ ìdánwò náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà. Ní 1913, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lo ìdánwò fún àwọn àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi ní Ellis Island, àwọn tó ti rẹ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ògbufọ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní púpọ̀ nínú wọn ni orí wọn kò pé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ogun tó tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ó lé. Ní ìpínlẹ̀ Virginia, wọ́n fi irú ìdánwò yìí sọ pé ọgbọ́n ọmọbìnrin kan, Carrie Buck, kò ju ti ọmọ ọdún 9 lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1927 pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó má bàa bímọ mọ́. Wọ́n sì ṣe é. Ọmọ kan tó ti bí ṣáájú, tí wọ́n ní orí tiẹ̀ náà kò pé, lọ sí ilé ìwé, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn tó ṣe dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí àìsàn pa á.

Binet kò sí láyé mọ́ láti bá wọn jà. Simon ló kù, ó sì pẹ́ láyé, ọdún 1961 ló tó kú.

Mo fi ìwé yìí han ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ẹ̀rín tí mo rín. Ó ní kí n má yọ 81 kúrò, àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ náà á wá kà á. Lẹ́yìn náà ló mú báírò, ó tọ́ka sí ibi tí mo ti ṣe ìṣirò Terman. Mo ti fi 12 pín 10. Òun ló bá mi tún un ṣe.